Ataare Tí Kò Gbọ́ Ohùn Ènìyàn Rí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó lé bàtà rẹ̀. Ẹni tí yóò bá húkọ́, kó tètè hú u nísinsìnyí, nítorí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Èmi Ọdẹ́ṣínà ni mò ń sọ̀rọ̀, ọdẹ Ìdí-Ahùn, èmi tí ìmàdò ń rí lọ́ọ̀ọ́kán tó ń rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Mo ti wọ igbó tí ọ̀sán rẹ̀ dà bí àṣálẹ́, mo sì ti jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ sọ lónìí yìí, n kò torí ẹran lọ, n kò sì fi ìbọn pa ohunkóhun níbẹ̀. Ẹnu ló kó bá mi, ẹnu ló sì rán mi nígbó.

Ọjọ́ tí a ń sọ ọmọ àbúrò mi lórúkọ ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀. Èmi ni baálé agbolé wa, èmi ni mo sì ń jẹ ataare láti ṣàdúrà fún ọmọ tuntun. Gbogbo yín lẹ mọ ataare. Àwọn ìyàwó ilé ń gún un sọ́bẹ̀ kí ara lè yá gágá, àwọn àgbà ń jẹ ẹ́ mọ́ obì, ṣùgbọ́n tó bá ti wà lẹ́nu tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀, ẹnu yẹn kì í ṣe ẹnu lásán mọ́. Ohun tó bá sọ, á ṣẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka hóró rẹ̀, mẹ́sàn-án fún ọkùnrin, méje fún obìnrin. Ìdí nìyẹn náà tí a fi ń gbé omi kalẹ̀, kí ẹni tó ṣàdúrà tán lè ṣan ẹnu rẹ̀ kó tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyá Láńtọ̀ún, arúgbó tó máa ń to ohun ìsọmọlórúkọ sílẹ̀ nílé wa, ló ń gbé omi yẹn.

Mo rún mẹ́sàn-án. Mo ní kíkún là á bá ilé ataare, kí ilé ọmọ yìí kún fún ọmọ, kó kún fún ọlà. Wọ́n ní àṣẹ. Ìyá Láńtọ̀ún na igbá omi sí mi, mo ní kí wọ́n gbé e dúró ná, nítorí ara mi ti yá, àwàdà sì ti ń yún mi ní ètè. Àbí kí ni ọdẹ ń ṣe láwùjọ bí kò bá pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín? Ibi tí mo ti ń wá ẹni tí n ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni Àṣàbí ìyàwó mi, ìyá Tinúadé ọmọ mi, ti jáde láti ilé ìdáná. Ọṣẹ dúdú ni Àṣàbí ń tà. Bí ohùn rẹ̀ bá ń polówó ọṣẹ ní Ìsàlẹ̀-Odò, àwọn ará òkè ìlú á ti máa pọn omi ìwẹ̀. Ó na ọmọorógùn sí mi, ó ní, "Bàbá Tinúadé! Ta ló yọ itan ẹran kúrò nínú ìkòkò yẹn? Ẹran àwọn àlejò ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn!" Òótọ́ ọ̀rọ̀, ẹran náà ti wà nínú mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Àṣàbí, ẹnu rẹ yìí á sinmi o!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àṣàbí la ẹnu láti fún mi lésì. Ó pa á dé. Ó tún un là, ó tún un pa dé, ó wò mí, ó sì padà sílé ìdáná. Mo ní hẹn-ẹ́n, èmi náà ti borí lónìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi rò pé Àṣàbí ń bínú ni. Mo sì ń gbádùn ara mi! Mò ń jẹ ẹran nígbà tó wù mí, mò ń wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí ló dé. Àwa ọkọ, ẹ̀dá wo tiẹ̀ ni wá ná? Ó di àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, mo bá Àṣàbí tó gbé ọmọ tuntun yẹn lọ́wọ́. Ọmọ ń ké. Àṣàbí ń mì í, ó la ẹnu bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún, ọrùn rẹ̀ le, iṣan yọ níbẹ̀, orin kò jáde. Omijé ló ń dà lójú rẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó yí ẹ̀yìn sí mi. Ó dùn mí dé egungun. Mo dúró síbẹ̀ bí òpè, èmi tí mo ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Mo sáré tọ Ìyá Láńtọ̀ún lọ, mo dọ̀bálẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n délẹ̀ tán.

"Ọdẹ́ṣínà, ṣé o ṣan ẹnu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

"Ìyá, mo ní kẹ́ ẹ gbé omi yẹn dúró ná ni."

"Ó ṣì wà ní ìdúró! Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún rèé, o ò tíì wá gbà á!" Wọ́n pòṣé, wọ́n mọ́jú sí mi. "Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, ìwọ sì fi ataare sẹ́nu sọ tìrẹ mọ́lẹ̀. Tẹ́tí sí mi. Ohun tí ataare bá dì, ataare ní í tú u. Ṣùgbọ́n ataare oko àti ti ọjà ti gbọ́ ariwo ènìyàn jù, wọn ò ní ka ọ̀rọ̀ rẹ sí. Èyí tí kò gbọ́ ohùn ènìyàn rí ni kó o lọ já wá, nínú Igbó Adákẹ́. Hóró mẹ́sàn-án ni kó o rún níwájú Àṣàbí, kó o sì ní kó fọhùn. Bí o bá sọ̀rọ̀ létí ataare yẹn kó o tó dé ọ̀dọ̀ Àṣàbí, ó ti di ata ọbẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tí o ti sọ ìsọkúsọ yẹn, Àṣàbí ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé."

Mo ka ọjọ́ lórí ìka. Ó ku mẹ́fà.

Bí mo ṣe di ìgbànú, bí mo ṣe sun iṣu jẹ lọ́nà, n kò ní fi ìyẹn dà yín láàmú, ẹ̀yin náà ń jẹ iṣu nílé yín. Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, igbó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹyẹ kò dún mọ́. Ewé gbígbẹ ń ṣubú, n kò gbọ́ bó ṣe ń balẹ̀. Lójijì ni ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ di rírọ̀ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ohùn kékeré bí ti yànmùyánmú sì sọ láti abẹ́ mi pé, "Ta ló ń fi bàtà tẹ etí mi?"

Mo fò sẹ́yìn! Etí ni lóòótọ́, etí tó tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹní ìyàrá. Ẹni tó ni ín dùbúlẹ̀ sórí ọ̀kan, ó fi èkejì bora, orí rẹ̀ kò ju àgbọn lọ. Ó ní Etíkúnlẹ̀ ni wọ́n ń pe òun, ariwo ni òun ń jẹ, òun ló sì jẹ gbogbo ohùn inú igbó yìí tán. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, yóò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Kí ló kéré ju ọmọ ìka lọ, tó ń lé àgbàlagbà sáré lọ sídìí àmù?"

Mo ní, "Ata ni! Ó ti lé èmi náà rí."

"Kí ni ẹ̀dá ń fún ẹlòmíràn tí kò lè gbà padà?"

Mo mọ̀ ọ́n, sísọ ọ́ ló nira. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu ni."

"Ó yé ọ báyìí," ni Etíkúnlẹ̀ wí. "Ó ku owó ibodè, n kò sì ń náwó. Ìtàn tí o fẹ́ràn jù láti máa fi fọ́nnu ni kó o fún mi jẹ. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, o ò ní lè sọ ọ́ mọ́."

Háà! Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ rántí ìtàn èmi àti ẹfọ̀n. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń sọ ọ́, ó sì ń gùn sí i ni. Mo bẹ Etíkúnlẹ̀ pé kó gba ti ẹkùn, ó kọ̀. Mo ní kó gba ti erin méjì, ó ní òun mọ̀ pé irọ́ ni ti erin. Mo rántí ọrùn Àṣàbí tó le gan-an níbi tó ti ń wá orin fún ọmọ, mo jókòó, mo sọ ìtàn ẹfọ̀n náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò tíì sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni Etíkúnlẹ̀ ń jẹun, tó ń pọ́n ètè lá. Nígbà tí mo parí, mo rántí pé ẹfọ̀n kan wà, mo rántí pé èmi náà wà, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa méjèèjì ni n kò mọ̀ mọ́. Ìdí rèé tí mo fi ń bú ẹni tó bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ má béèrè rẹ̀ mọ́.

Etíkúnlẹ̀ gbọn etí, ó ṣí ọ̀nà fún mi. Ó ní, "Níbi tí o bá ti rí ìgbín funfun tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ohùn ènìyàn kò kọjá ibẹ̀ rí. Fi ewé sáàárín ètè rẹ. Ẹnìkan ń ṣọ́ ataare náà, Akíni-má-sinmi lorúkọ rẹ̀. Kò ní nà ọ́, kò ní bù ọ́ jẹ. Kíkí ni yóò máa kí ọ. Bí o bá ti jẹ́ ẹ, o ti di ẹrú rẹ̀, ẹ jọ máa kí ara yín lọ títí láé ni."

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di igi mú. Ìkíni! Èmi tí àmọ̀tẹ́kùn kò dẹ́rù bà, ìkíni ni n ó wá sá fún? Mo dágbére fún un, mo sì ń fọ́nnu lọ títí mo fi dé ibi tí àwọn ìgbín funfun tò sí. Níbẹ̀ ni mo já ewé, mo fi ètè mú un.

Ataare náà ń bẹ láàárín ilẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ewé rẹ̀ gùn, èso rẹ̀ pupa yọ lẹ́bàá ilẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló so. Mo tẹ̀ síwájú ìṣísẹ̀ méjì, bàbá arúgbó kan sì yọ láti ẹ̀yìn igi, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé ìdodo, ojú rẹ̀ ń tàn fún ìfẹ́. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, ọmọ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò! Kí àgbà kí yín, kí ẹ pa ẹnu mọ́! Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọwọ́ ni ìyá mi ti fi ẹgba kọ́ mi pé a kì í jẹ́ kí ìkíni àgbà balẹ̀. "Òo" ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo fi eyín tẹ ewé náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láìsọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ kú ìdìde. Ilé ńkọ́? Tinúadé ńkọ́? Àṣàbí ńkọ́, ṣé ara wọn le?"

Mo ń fi àyà wọ́ lọ sídìí ataare. Ó ń tẹ̀lé mi.

"Ẹ kú ìfàyàwọ́ o. Ṣé kò sí? Àbí mo ti ṣẹ̀ yín ni? Ìyá tó bí irú yín, ṣé kò kọ́ yín nílé ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi bí ẹ̀gún, mo sì fara dà á. Ló bá yí ohùn padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wa, ó ní ọmọ a-rìn-nínú-ìrì-má-tutù, ọmọ ọlọ́dẹ tó pa ẹran fún àlejò kó tó mọ orúkọ àlejò. Orí mi wú! Ta ni wọ́n ń ki oríkì bàbá rẹ̀ fún tí kò ní ní hòo? Ewé ẹnu mi já sí méjì. Mo fi ọwọ́ òsì bo ẹnu, mo fi ọ̀tún já ataare náà.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Akíni-má-sinmi wí, ó sì na ìka gígùn mú ìdajì èso náà mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi fà, òun fà. Ni èso bá ya, ni òórùn rẹ̀ bá kọ lu imú mi. Ẹ̀yin ènìyàn mi, sísín dé! Mo mọ̀ pé bí mo bá sín, ohùn ènìyàn nìyẹn, ó ti parí. Mo di imú, mo di ẹnu, ojú mi ń jáde bọ̀. Sísín náà lọ sókè, kò rí ọ̀nà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ń wá ibòmíràn gbà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ti sọ pé ẹnu ni mo dì. Ó gba ẹ̀yìn jáde, ó sì dún jáde bí ìgbà tí aṣọ tuntun fàya.

Akíni-má-sinmi gbé ọwọ́ sókè láti kí mi. Ó ní, "Ẹ kú..."

Ó dúró.

"Ẹ kú..."

Ẹ bá mi wá a! Àwa Yorùbá tí a ní ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú atẹ́gùn, àwa tí a ń kí ẹni tó ń dirun tí a sì ń kí ẹni tí òjò pa, kí ni à ń kí ẹni tó só? Bàbá náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ń ka ìkíni lórí ìka, ó jọ̀wọ́ èso náà láti fi ọwọ́ méjèèjì kà á. Ni mo bá fi ẹsẹ̀ fẹ! Mo fo igi, mo fo kòtò, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, "Ẹ kú... ẹ kú..." títí mo fi ré àwọn ìgbín funfun kọjá. Bóyá ó ṣì wà níbẹ̀ tó ń wá a.

Nígbà tí mo la ọwọ́, hóró mẹ́rìndínlógún péré ló kù síbẹ̀. Mo dì wọ́n sí etí aṣọ, mo dorí kọ ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé n kò tíì gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn ará oko ń kí mi, mò ń juwọ́. Wọ́n ní, "Ẹ wo Ọdẹ́ṣínà, ó ti dàgbà ju ìkíni lọ." Ọ̀kan wí pé bóyá ẹran ló lé mi débi tí ahọ́n mi fi jábọ́. Èsì tó dára wà lẹ́nu mi, èsì tí ì bá ti fi ojú rẹ̀ wọ́lẹ̀, mo gbé e mì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí Àṣàbí ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá, mo sì sunkún lójú ọ̀nà láìfọhùn.

Ọ̀sán ogúnjọ́ ni mo wọlé. Gbogbo agbolé pé. Àṣàbí jókòó lórí àpótí níwájú mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ti to ọfọ̀ gígùn kan sílẹ̀ lọ́nà, ọfọ̀ tí ọba ì bá dìde fún. Mo rún hóró mẹ́sàn-án. Ẹnu mi gbóná bí ààrò, mo sì rí i pé ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ń bà mí, èmi Ọdẹ́ṣínà, nítorí mo ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe. Gbogbo ọfọ̀ sá lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Àṣàbí, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, fọhùn."

Àṣàbí gbé itọ́ mì. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní, "Bàbá Tinúadé, ẹ̀yin lẹ jẹ itan ẹran yẹn!"

Ariwo ta! Ìyá Láńtọ̀ún bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Àṣàbí sọ̀rọ̀ ẹran, ó sọ̀rọ̀ bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ó sọ ti ogún ọjọ́ pátá, èmi sì wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń dà lójú mi, kò sí orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ létí mi rí. Ìyá Láńtọ̀ún gbé omi wá. N kò jẹ́ kí wọ́n gbé e dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣan ẹnu.

Ibi tí mo ti ń nu ètè ni Àṣàbí ti rí etí aṣọ mi. Ó tú u, ó ka hóró tó kù. Méje ni, iye tí obìnrin ń jẹ. Kò bi ẹnikẹ́ni, ó kó o sẹ́nu.

Àbúrò mi rọra bọ́ sẹ́yìn ògiri. Mo wo Ìyá Láńtọ̀ún pé kí wọ́n gbà mí, wọ́n ń wo òrùlé. Àṣàbí ń rún un díẹ̀díẹ̀, kò kánjú, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó lè fi mí dà: ewúrẹ́, odi, òpó ilé.

Ó ní, "Bàbá Tinúadé, ẹ ó gbó. Ẹ ó tọ́. Ẹ ò ní kú ikú igbó. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá sì lò láyé, ẹ ó máa gbọ́ tèmi."

Gbogbo ilé ní àṣẹ. Èmi ni mo pariwo rẹ̀ jù.

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí ataare yẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ́tí, ṣé ẹ ń gbọ́ ohùn Àṣàbí láti ẹ̀yìnkùlé lọ́hùn-ún? Èmi ló ń pè yẹn. Ẹ kú ìjókòó o, ẹ jẹ́ kí n lọ jẹ́ ẹ.